Ẹ Rọra Fi Táàpù Sínú Férémù Raleigh Àtijọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé férémù kẹ̀kẹ́ Raleigh wá bá mi ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta. Ojúlówó ará Nottingham, ọ̀dà dúdú ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ó ti fi owó gọbọi ra táàpù (irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì, àwọn ìlà tí nǹkan ń gbà yí wọ ihò), ó sì ti fi gé ihò ìsàlẹ̀ tí apá pẹ́dàlì ń gbà kọjá. Mo wo inú ihò náà, mo kàn jókòó ni.

1. Òòlù kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ mú. Kọ́tà, irin tó di apá pẹ́dàlì mú, tó bá dógùn-ún, ẹ ta ọ́ìlì sí i lálẹ́, kẹ́ ẹ padà síbẹ̀ láàárọ̀.

2. Kọ́ọ̀pù ni irin róbótó tí wọ́n ń yí sẹ́nu ihò ìsàlẹ̀ yẹn. Ti ọwọ́ ọ̀tún, bí aago ṣe ń yí lẹ ó yí i kó tó tú. Bí kò bá sì bàjẹ́, kí lẹ fẹ́ tú u ṣe?

3. Táàpù. Háà! Lára ọ̀pọ̀ férémù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tírẹ́ẹ̀dì 24 ló wà nínú íǹṣì kan. Raleigh àtijọ́ ní 26 ni tòun. Táàpù 24 á kọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà á le. Oníṣẹ́ tuntun á ní ìdọ̀tí ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ara tì í. Irin á máa rọ́ jáde wínníwínní, inú ẹ̀ á máa dùn pé òún ń fọ̀ ọ́. Férémù ló ń jẹ yẹn o! Tó bá parí, kọ́ọ̀pù á máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ẹ ò sì ní lè fi gun òkè Ìtọ́kú.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ. Ó ṣì wà lára ògiri ilé wa, èmi ọ̀gá!

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wá kọ́ọ̀pù Raleigh àlòkù tó dáa, ẹ fi fáìlì la ojú ọ̀nà mẹ́ta kọjá lórí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ fọwọ́ yí i wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìdọ̀tí á gba ojú ọ̀nà yẹn jáde. Tọ̀tún fún ọ̀tún, tòsì fún òsì.

Ìkarùn-ún ni àbí ìkẹrin: kẹ́ ẹ tó gbé férémù fún ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà, ẹ fi àkísà àdìrẹ dí gbogbo ihò.

Ẹ̀yìn férémù irin ṣe é fà gbòòrò fún họ́ọ̀bù (irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́) tuntun. Ti alumíníọ́mù, ẹ má dán an wò.

Ọmọkùnrin yẹn wá ní, "Ọ̀gá, ṣé wẹ́dà ò lè dí i?" Mo ní kó kọ́kọ́ gbé òòlù ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ ná.