Bí o ṣe lè yẹ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé wò kí o tó gbé ilẹ̀ rẹ lé e lọ́wọ́

Iṣẹ́ àbójútó ilé kíkọ́ ni mo ń ṣe l'Ékòó, mi ò sì ní gbà kí oníbàárà mi fi fọ́tò nìkan yan ayàwòrán-ilé. Bèèrè ilé tó yà tí èèyàn ti ń gbé láti bí ọdún mẹ́ta, kí o sì lọ síbẹ̀ lásìkò òjò.

Gbójú sókè wo igun àjà, bóyá omi ti fi àbàwọ́n síbẹ̀. Fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri: bí ọ̀dà bá ń ṣí, tí ibẹ̀ tutù, omi ń gun ògiri láti ìpìlẹ̀ nìyẹn. Bi àwọn ayálégbé bóyá wọ́n lè sùn lọ́sàn-án tí kò bá sí iná. Ìbéèrè yìí jẹ mí lógún gan-an. Ní Gando, ní Burkina Faso, ayàwòrán-ilé Francis Kéré gbé òrùlé páànù ga kúrò lórí àjà oníbíríkì amọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n parí ní 2001, kí ooru lè máa gba àárín méjèèjì jáde. Òun náà ló gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àgbáyé fún àwọn ayàwòrán-ilé, ní 2022.

Ó wá ku ìwé. Kí orúkọ ayàwòrán náà wà lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ti ẹnjiníà tó ṣírò òpó wà lọ́dọ̀ COREN, àjọ ti àwọn ẹnjiníà. Ilé alájà 21 tó wó n'Ìkòyí ní oṣù kọkànlá 2021 pa ju èèyàn 40 lọ. Má fojú di àyẹ̀wò ilẹ̀, èyí tó ń fi hàn bóyá erùpẹ̀ ibẹ̀ lè gbé ilé. Má sì san owó ayàwòrán tán títí yóò fi wá wo ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré.