Bí a ṣe ń fi ọjọ́ kan rí Àgbádárìgì: omi lákọ̀ọ́kọ́, ìlú lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá gbafẹ́ létí òkun Àgbádárìgì, orí iyanrìn ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, àgbọn lọ́wọ́. Àwọn tó bá tiẹ̀ ní kí àwọn rí ìlú, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n á kọ́kọ́ máa yí ká, wọ́n á jẹun, wọ́n á sinmi, ọ̀sán gangan ni wọ́n á wá rántí erékùṣù Gbẹrẹfu tó wà lódì kejì ọ̀sà, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun láyé àtijọ́. Oòrùn á ti mú, iyanrìn á ti gbóná, ọlọ́kọ̀ náà á ti mọ̀ pé wọ́n ń kánjú. Ẹ dá ètò yẹn padà sẹ́yìn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ wà ní èbúté.

Bí ẹ bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì létí òkun, ẹ ti jàre ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti erékùṣù Èkó lè wọ rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023, láti Marina dé Mile 2, kó wá wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì níbẹ̀. Kó tètè jí o. Kó sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn agbófinró sì ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Amọ̀nà ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ká ti bá a sọ̀rọ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì mọ̀ wọ́n.

Ẹrù ò pọ̀: omi, fìlà, sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn (sílípáàsì á kàn máa da iyanrìn sí yín lẹ́yìn ni), àti owó wẹ́wẹ́ púpọ̀, torí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó ìwọlé tirẹ̀. Àpò tí wọ́n ń tà fún fóònù kí omi má baà kàn án dára, àmọ́ ọ̀rá búrẹ́dì méjì tí ẹ fi rọ́bà so lẹ́nu ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ó wá kan ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni mo ti ń rí èèyàn tí ọjọ́ wọn ń bàjẹ́. Orí ilẹ̀ ni a ti ń ná owó ọkọ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ má kàn béèrè pé “èló ni?” Ẹ béèrè báyìí: “Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún ni, àlọ àti àbọ̀, ẹ ó sì dúró dè wá. Èló ni gbogbo ẹ̀?” Tí ọ̀rọ̀ “ẹ ó dúró dè wá” ò bá sí níbẹ̀, ẹ̀ ń padà bọ̀ wá bá èbúté òfìfo nìyẹn, ẹni tó bá sì wá gbé yín níbẹ̀, iye tó bá wù ú ni yóò pè. Ìdajì owó ni kí ẹ san ní àlọ, kí ìdajì dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá kan ilẹ̀ níhìn-ín. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ọlọ́kọ̀ náà, kí ẹ sì pè é níwájú rẹ̀ kó dún.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tún ni ẹjọ́ mìíràn. Wọ́n á nawọ́ rẹ̀ sí yín, àwọn kan á fi lé èjìká bí ìborùn, àwọn mìíràn á fi jókòó. Ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ wo àwọn ìdè iwájú rẹ̀, ṣé wọ́n ń mú ara wọn? Ẹ dè é tán, kí ẹnì kan di èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè: tó bá gun àgbọ̀n yín kọjá, kò mọ́ yín lára tó, ẹ gba òmíràn. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Tí wọn ò bá ní ti ọmọdé, ọmọ náà ò lọ nìyẹn, kí ẹnì kan dúró tì í. Tí ọkọ̀ bá ti kún tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tijú. Ẹ má sì dìde dúró nítorí fọ́tò láàárín ọ̀sà. Tójú ọ̀run bá ṣú, ẹ dúró. Ọ̀sà ò lọ síbì kankan.

Lódì kejì, ẹsẹ̀ ló kù, nǹkan bí ìdajì wákàtí fún ẹni tí kò kánjú, láàárín igi àgbọn àti koríko. Ẹ ó kan kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Iwájú sí i ni etí òkun tí a ń pè ní ibi àlọ-àìbọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ ń fa èèyàn wọ inú ni, kò sì sí ẹni tí yóò tètè gbọ́ igbe.

Ẹ padà sí ìlú, ẹ jẹ ẹja, ẹ mu omi. Sódábì, ògógóró ibẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣáájú ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ọwọ́ yín ló wà.

Àwọn ilé tó kù kò jìnnà síra wọn. Èmi ò kì í fi ilé Seriki Faremi Williams Abass sílẹ̀ di ìkẹyìn, torí ó gba àkókò. Ọmọ Ìjọgá-Orílé ni, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n gbé e dé Bràsílì. Ó padà wálé, òun náà wá di oníṣòwò ẹrú. Àwọn yàrá kótópó náà ṣì wà níbẹ̀, amọ̀nà á ní ogójì èèyàn ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fi agboòrùn hàn yín pé ogójì ẹrú ni wọ́n fi ra ẹyọ kan. Ẹ wọ yàrá kan, kí gbogbo yín dúró síbẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹrú ni kí ẹ gbé lọ́wọ́ kí ẹ tó ronú kan fọ́tò. Ìwúwo rẹ̀ ò hàn nínú àwòrán.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1842 tí wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1845, Marina ti Àgbádárìgì níbí ló wà, kì í ṣe ti Èkó. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, ẹ di ìdimú rẹ̀ mú. Níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther àti Bíbélì Yorùbá. Igi Agia, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842, ti wó láti 1959. Ọwọ̀n ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún tó o. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1863. Ẹni tó bá ti rẹ̀ lè fò ó.

Tí ẹ bá ń padà sí Èkó lọ́jọ́ náà, ẹ kúrò kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ ra àgbọn àti òróró àgbọn, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín láti ra ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè: kọ́sítọ́ọ̀mù wà lójú ọ̀nà, ìjọba ò sì gbà kó gba orí ilẹ̀ wọlé.