Bí Mo Ṣe To Àwòrán Ìràwọ̀ Tó Bú Gbàmù, ní Ṣómólú

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ṣómólú, bí iná bá wà ní àdúgbò, ìràwọ̀ tí mo lè kà kì í pé ogún. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti wá Crab Nebula lọ, ìyókù ìràwọ̀ ńlá kan tó bú gbàmù. Ní 1054 ni ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù náà dé ayé, lẹ́yìn tó ti rin ìrìn nǹkan bí ọdún 6,500. Àwọn awòràwọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ 23 ni àwọn fi rí i lójú ọ̀sán gangan.

Òru ni mo gba àwòrán márùn-ún sílẹ̀, torí dátà máa ń yá nígbà náà. Awò awọ̀nàjíjìn márùn-ún ló yà wọ́n: ti rédíò láti VLA, infrared láti Spitzer, èyí tí ojú wa lè rí láti Hubble, ultraviolet láti XMM-Newton, X-ray láti Chandra. Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn o, ojú wa ni ò gba mẹ́rin nínú wọn. Mo fi pupa fún rédíò, ìyeyè fún infrared, àwọ̀ ewé fún ti Hubble, aró fún ultraviolet, àlùkò fún X-ray. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, mo gbé wọn lé ara wọn, mo sì yí wọn sí Screen kí tòkè má baà bo tìsàlẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti dà mí láàmú nìyí. Àlùkò kéré! Ó kóra jọ sáàárín bí èkùrọ́ nínú ẹyìn. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í wọ̀n, ni mo bá fà á fẹ̀ títí, àmọ́ òrùka tó yí pulsar (ohun kékeré tó ń tàn láàárín) ká kàn wú kọjá ààyè rẹ̀ ni. Òru méjì ni mo fi bá a jà, wọ́n tún mú iná lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo padà lọ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé bó ṣe kéré yẹn gan-an ló ṣe rí.

Àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù (ègé tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) tó ń ti ibi pulsar jáde, tí agbára wọn pọ̀ jù, ló ń tan X-ray, kíá sì ni agbára yẹn ń tán. Ẹni tó fi eré tete kúrò ní Ọjọ́ta, Máríláàndì ni èémí rẹ̀ máa tán sí. Ẹni tó rọra ń rìn á dé Fádèyí. Àwọn tó ń rọra rìn yẹn ni ti rédíò, ìdí nìyẹn tí pupa fi tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó fi ìka kan ojú pulsar. "Àǹtí mi, kí lèyí?"

Mo ní ọkàn ìràwọ̀ náà ló kù yẹn, ó sì ń yí nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó ní, "Ení..."

Mo ní kó tó pe ení tán, ó ti yí ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kò gbé ìka náà kúrò.