Ìgò aláwọ̀ tó ń dà yín láàmú, ìdáhùn rèé o

Ọ̀ṣọ́ tábìlì ìnáwó ni mò ń ṣe ní Ifẹ̀ níbí, ìgò jáàmù àti ti máyónéèsì lásán ni mo máa ń sọ di aláwọ̀: gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, food colour tí wọ́n ń fi sí kéèkì, omi díẹ̀, ẹ dà á sínú, ẹ yí i ká, ó parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí láti Lágéré dé Mọdákẹ́kẹ́, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè ráàyè jẹun.

Àǹtí, àwọ̀ ò dì mọ́ ìgò, ó ń sá kúrò lójú kan.
Òróró ló wà níbẹ̀. Ọṣẹ àti omi gbígbóná, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi òwú àti spirit nu inú ẹ̀. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ mọ́.

Ìgò mi kọlà bí ẹni pé mo gbé e fún olóòlà.
Omi yín ti pọ̀ jù. Síbí gọ́ọ̀mù mẹ́ta, síbí omi kan. Ẹ rọra yí i.

Ó ti gbẹ, ó ṣì funfun bí ògì.
Háà, èyí fojú mi rí màbo. Oṣù keje, òjò ń rọ̀ ṣáá, ogójì ìgò búlúù fún ìgbéyàwó kan ní Iléṣà, gbogbo ẹ̀ ṣú bí ojú tí awọ bò. Mo ní gọ́ọ̀mù ayédèrú ni, mo gba Sábó lọ bá ẹni tó tà á fún mi jà, a pariwo débi tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi jáde (mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́ o, kò mọwọ́ mẹsẹ̀). Mo pààrọ̀ gọ́ọ̀mù, ibì kan náà ni. Mo pààrọ̀ àwọ̀, ibì kan náà. Mo ki méjì bọ oven kí iná mú un dáadáa, ó hó, ó sì pọ́n bí àkàrà. Lóru, ológbò gbá ọ̀kan, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fọ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ òun nìkan ló mọ́ gaara. Mo wá wo àwọn tó kù: mo ti da gbogbo wọn dorí kodò lórí ọ̀rá, ẹnu wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, atẹ́gùn ò wọlé, ibo ni omi inú gọ́ọ̀mù fẹ́ gbà jáde?

Báyìí, igi súyà méjì ni mo máa ń fi sábẹ́ ẹnu ìgò kó lè ro dànù. Tí kò bá kán mọ́, mo á nu etí ẹ̀, mo á gbé e dúró síwájú fáànù. Ní ìgbà òjò, ọjọ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo oven, ìgbà tí oven ṣì tutù ni kẹ́ ẹ gbé ìgò wọ̀ ọ́, iná kékeré, ẹ jẹ́ kó tutù síbẹ̀, ẹ má gbé e gbígbóná ka orí tááìsì, ó máa sán.

Mo bu omi òdòdó sí i, gbogbo ẹ̀ bó.
Á bó náà. Ike kékeré ni kẹ́ ẹ gbé sínú ẹ̀, kí omi wà nínú ike.

Àbẹ́là ńkọ́?
Rárá. Iná bátìrì.

Ṣé a lè fi mu sobo?
Rárá, ẹ jọ̀ọ́.

Mo fẹ́ èyí tí mo lè máa fọ̀.
Ọ̀dà gíláàsì nìyẹn, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, tèmi kọ́. Tó bá sì jẹ́ ọ̀la ni ìnáwó yín, tí òjò ń rọ̀, tẹ́ ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àǹkárá wé ìgò náà.