Bí mo ṣe fi owó ẹyọ àti sine ṣírò ibi tí ìrìn Cauchy ń gbà jáde

Àbúrò mi obìnrin tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì wá bá mi nílé ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ìrìn Cauchy bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.5, kí ni ìṣeéṣe pé apá ọ̀tún ni yóò gbà jáde kúrò láàrin −1 àti 1?" Ìrìn Brown (ìrìn àìròtẹ́lẹ̀ tí ń lọ láìdáwọ́, tí kì í fò) ìbá rọrùn, nítorí 3/4 ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn Cauchy wà nínú ìdílé àwọn ìrìn àìròtẹ́lẹ̀ tí a ń pè ní stable (α ni nọ́ńbà tí a fi ń dá wọn mọ̀, ti Cauchy sì jẹ́ 1), fífò nìkan ni ó sì ń fò.

Ìrìn Brown a máa dé ojú ààlà gan-an kí ó tó jáde; ti Cauchy dà bí tata tí ó bẹ́ kọjá ògiri láìfi ẹsẹ̀ kan ògiri náà. Nítorí náà, kì í ṣe bèbè nìkan ni a ní láti mọ̀, bí kò ṣe gbogbo òde. Àwọn onímọ̀ ìṣirò Blumenthal, Getoor àti Ray ti fi hàn ní 1961 bí ibi tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń balẹ̀ sí ṣe pín. Fún Cauchy, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní àárín gbùngbùn àyè kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìnnà ní r, yóò balẹ̀ ní r ÷ sin(90° × U) sí àárín náà, U sì jẹ́ nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ láàrin 0 àti 1. Èyí túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìṣeéṣe pé yóò kọjá ìlọ́po méjì r, èyí tí ó ya àbúrò mi lẹ́nu.

Mo wá ní kí a kọ́kọ́ ṣe é lọ́wọ́. Owó ẹyọ ni yóò yan ọ̀tún tàbí òsì (ó ṣọ̀wọ́n nígboro báyìí, náírà kan àtijọ́ tí ìyá wa tọ́jú ni a lò), ẹ̀rọ ìṣirò ni yóò sì mú U wá. Ní ibi yòówù tí a bá wà, a ó fi ibẹ̀ ṣe àárín àyè tí ó tóbi jù tí kò kọjá ààlà, a ó sì fò láti ibẹ̀ títí a ó fi jáde. Láti 0.5, ààlà tí ó súnmọ́ jù ni 1, nítorí náà r jẹ́ 0.5. U jẹ́ 0.4, owó sì ní òsì: sine 36° jẹ́ 0.588, fífò náà jẹ́ 0.851, a sì dé −0.351. Níbẹ̀, r di 0.649, U tí ó jẹ́ 0.7 gbé wa sí ọ̀tún, sí 0.378. Lẹ́yìn náà, r jẹ́ 0.622, U jẹ́ 0.2, owó sì tún ní òsì, ni a bá ré kọjá sí bíi −1.63. Ìrìn parí, apá òsì ni ó jáde.

Bí ó bá jẹ́ ìrìn Brown nínú àyè oníwọ̀n méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni (kì í ṣe lórí ilà kan bíi tiwa), a ní láti fa ilà tín-ín-rín sí ẹ̀bá ààlà kí a sì gbà pé a ti dé, torí ọ̀nà yìí kì í mú un dé ibẹ̀ tán. Níbí, fífò fúnra rẹ̀ ni ó ń parí iṣẹ́.

Nígbà tí iná dé, mo gbé e sínú Excel: ibi tuntun ni x + s × (1 − |x|) ÷ sin(90° × U), s sì jẹ́ 1 tàbí −1. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrìn, ìpín apá ọ̀tún rọ̀ mọ́ 0.667. Èyí bá òfin tí ó pé mu, 1/2 + arcsin(x)/π, tí ó fún wa ní 2/3.

"Ẹ̀gbọ́n, àkókò ńkọ́?" Mo ní kí ó ṣí òpó kan sí i, kí ó máa kó r ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ, nítorí iye àkókò tí Cauchy ń lò ní ìpíndọ́gba kí ó tó kúrò ní àárín irú àyè bẹ́ẹ̀ jẹ́ r gan-an. Ìpíndọ́gba àpapọ̀ náà súnmọ́ 0.866, èyí tí òfin Getoor, √(1 − x²), sọ.