Bí ẹ ṣe lè ka àwòdì tó ń bọ̀ látòkè ọya, láti orí dẹ́kìn ní Ìjẹ̀bú

Tí òjò bá ti ń lọ sílé, láti bí ìparí oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá, àwòdì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀run wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibí náà ni gbogbo wọn wà látọdúnmọ́dún, rárá o, nígbà òjò ọ̀pọ̀ wọn ti gba òkè ọya lọ, ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé ni wọ́n ń padà wá sọ́dọ̀ wa láti wá yé ẹyin kí wọ́n sì pa ọmọ. Àwọn àlejò míì tún wà tó jẹ́ Yúróòpù ni wọ́n ti ń bọ̀, bí àṣá ńlá kan tó máa ń tú ilé agbọ́n jẹ ọmọ inú ẹ̀. Ìyẹn á wá ojú òkun tóóró ní Gibraltar tó fẹ̀ tó kìlómítà 14 péré, ibẹ̀ lá gbà bọ́ sí Mòrókò, á sọdá Sàhárà, igbó kìjikìji apá ọ̀dọ̀ wa ló sì fẹ́ràn láti lo ọ̀gbẹlẹ̀ sí.

Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn òyìnbó, orí òkè ni wọ́n ń lọ. Amẹ́ríkà ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Hawk Mountain, ní Pennsylvania, àwọn ọdẹ ló ń lọ dúró síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń yìnbọn lu àṣá bí wọ́n ṣe ń kọjá, àfìgbà tí obìnrin kan, Rosalie Edge, gba ilẹ̀ náà lọ́dún 1934 tó ní kò sí ìbọn mọ́, kíkà ni wọ́n ń kà wọ́n níbẹ̀ báyìí. Afẹ́fẹ́ tó bá kọ lu ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń gbé ẹyẹ sókè níbẹ̀. Àwa ò ní irú òkè gígùn bẹ́ẹ̀, ooru tó ń jáde látinú ilẹ̀ tí oòrùn ti pa ni àwòdì tiwa ń gùn, torí náà ibi gíga tí ojú ọ̀run ti là sílẹ̀ nìkan la nílò. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ lọ sórí Erédò Sùngbọ́, odi oníyàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, torí pé láti ìsàlẹ̀ yàrà yẹn dé etí rẹ̀ tó mítà 20 láwọn ibì kan. Igi ti bò ó jàre, ewé lẹ máa kà. Orí dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì kan páànù sí ló dáa jù, ó sì pọ̀ nílùú wa, ẹni tó ń gbé l'Ékòó ló ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé tàbí ẹni tó ń bá a ṣọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún fijilanté àdúgbò, torí ẹni tó gun orí ilé tó fi bainókúlà (awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà) sójú, ẹ mọ ohun tí aráyé máa rò.

Bainókúlà tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ti tó, tẹ́ ẹ bá lè yá ẹ yá a, Ìjẹ̀bú ni wá. Ẹ má fi wo oòrùn láéláé, ojú ló máa bàjẹ́. Fìlà, omi, ìwé kékeré. Fún kíkà, kántà kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka ṣe tẹ̀sùbáà ló dáa jù, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ láì gbé ojú kúrò lókè.

Ẹ mọ ẹyẹ yín o. Ìrù ni kẹ́ ẹ wò. Ìrù àwòdì yà láàárín bí ìrù ẹja, á sì máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi tọ́ ara ẹ̀ sọ́nà, bó bá sì sún mọ́ dáadáa ẹ lè rí i tó na ẹsẹ̀ síwájú tó ń jẹ nǹkan tó gbé láì balẹ̀. Igún, ìrù ẹ̀ kúrú, apá ẹ̀ fẹ̀ bíi pákó, kì í fi bẹ́ẹ̀ jù ú. (Tẹ́ ẹ bá rí igún, ẹ fi àmì sí i lọ́tọ̀, ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an, látọdún 2015 ló ti wà lára àwọn tí wọ́n ní ó ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ láyé.) Àṣá kéékèèké máa ń ju apá lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó fẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kannakánná ò ṣòro, àyà funfun, ó sì sábà máa ń lé àwòdì kiri.

Ó yá, kíkà gan-an. Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà lókè, torí ìgbà tí ilẹ̀ bá gbóná ni wọ́n máa ń gbéra. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú tí oòrùn wá yọ dáa gan-an, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń ti àríwá fẹ́ náà ò burú, ṣé ẹ mọ̀ pé àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹ kọjú sọ́nà Ìbàdàn, kẹ́ ẹ máa fi bainókúlà tọ etí ìkùukùu funfun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí lójú ọ̀run tó mọ́ roro, ẹyẹ tó ti lọ jìnnà sókè kì í hàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwòdì tó ń gbé ìtòsí odò ẹran lè kọjá lórí yín láàárọ̀ yẹn títí ó fi máa sú yín, ẹyẹ kan náà ni. Torí náà ẹ fi ojú fa ìlà kan, ká ní láti òpó mọ́ṣáláṣí dé orí másíìtì MTN, èyí tó bá kọjá ìlà lọ sápá Ẹ̀pẹ́ nìkan lẹ máa kà. Èyí tó bá tún padà sápá Ìbàdàn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Tí wọ́n bá kóra jọ tí wọ́n ń rá bàbà, ẹ má kà wọ́n níbẹ̀! Ṣe ni wọ́n máa ń wọnú ara wọn, ẹ ó ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní sùúrù, tí wọ́n bá gòkè tó, ẹni iwájú á yà kúrò, á na apá sílẹ̀, àwọn tó kù á tò tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa tẹ kántà yín. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ ka mẹ́wàá àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ wo bí mẹ́wàá ṣe gùn tó, kẹ́ ẹ máa fi ìyẹn wọn ìyókù.

Gbogbo wákàtí, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti bójú ọjọ́ ṣe rí. Wákàtí tẹ́ ò rí ẹyọ kan, ẹ kọ òdo. Lójú tèmi, ẹni tó wá sọ pé òun rí igba àwòdì láì sọ iye wákàtí tó fi jókòó, kò tíì sọ nǹkan kan, torí kò sí bá a ṣe máa fi wé ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ lè gbé e sórí eBird, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sí, tàbí kẹ́ ẹ fi áàpù BirdLasser ránṣẹ́ sí iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, ìyẹn Nigerian Bird Atlas Project, wákàtí méjì ó kéré tán ni wọ́n ń fẹ́ kẹ́ ẹ fi wo agbègbè kan.

Tí ọyẹ́ bá mú gan-an, ẹ sinmi, eruku ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan. Tí òjò bá tún ti ń rọ̀ dáadáa lọ́dún tuntun, ẹ yí àga kọjú sọ́nà Ẹ̀pẹ́, ẹ lo ìlà kan náà, torí àwọn tó ń padà lọ sókè ọya náà yẹ ní kíkà.