Wíńdò tí a kò pè ń yọ jáde lórí kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ààfáà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo wà. Windows 11 ló wà lórí lápútọ́ọ̀pù tí a ń lò nílé. Bí mo bá ti tàn án, wíńdò kan á yọ, á ní kọ̀ǹpútà mi dọ̀tí, kí n wá sanwó kó lè bá mi fọ̀ ọ́. Mo pa á pa á, ó sú mi. Àbúrò mi ní kí n gbé e wá sí Ìlọrin kí wọ́n bá mi fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ táwọn ọmọ ilé ìwé gbé fún mi pé kí n tẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ má tíì wọ mọ́tò Àjàṣẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwa tá à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gan-an la fi fọ́máàtì kọ́ àwọn èèyàn, torí ó yá ju kéèyàn jókòó wádìí lọ.

Ohun tó ń pe wíńdò yẹn jáde ni ká wá. Nígbà tó bá ṣì wà lójú, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager, ibi tí ẹ ti máa rí gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, á ṣí. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Open file location. Fódà tó bá ṣí lẹ máa fi mọ ilé tó ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ System32, fódà tí Windows fúnra rẹ̀ ń gbé, lẹ bá ara yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Startup apps nínú Task Manager kan náà, kí ẹ fi Disable dá a dúró. Ó ṣì wà nílé o, kò kàn ní lè dá dìde mọ́ ni. Settings, Apps, Installed apps lẹ ti máa lé e jáde. Ẹ tò wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n jọ dé.

Ìbéèrè: Mo ti rí i! Ọjọ́ kan náà ni òun àti èyí tí ọmọ mi fi ń yọ orin lára fídíò wọlé. Mo ti yọ méjèèjì. Àmọ́ wíńdò dúdú kan ṣì ń ṣẹ́jú wìrì bí mo bá tàn án.

Ìdáhùn: Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Ẹ wá Task Scheduler, ibi tí wọ́n ń to iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa dá ṣe sí, nínú Start, kí ẹ ṣí Task Scheduler Library. Èyí tí wọ́n bá kọ At log on (bí ẹ bá ti wọlé) sí lábẹ́ Triggers, ẹ wo Actions rẹ̀: ẹ máa rí fáìlì tó ń pè. Bó bá jẹ́ ti ẹni tí ẹ lé, ẹ kọ́kọ́ Disable rẹ̀ ná, ẹ má tíì pa á rẹ́.

Kí ẹ wá fi Windows Security ṣe offline scan, ìyẹn kó wá fáírọ́ọ̀sì nígbà tí Windows kò tíì dìde. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 15, kọ̀ǹpútà á sì kú, á tún tan, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sefú iṣẹ́ yín, kí bátìrì sì kún. Ẹ ṣáà mọ iná wa.

Ìbéèrè: Èyí tó ń yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ńkọ́, tó ní mo ti kó fáírọ́ọ̀sì, tí àmì Chrome wà lára ẹ̀?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹnì kan ló tẹ Allow fún sáìtì kan pé kó máa fi ìkéde ránṣẹ́. Nínú Settings ti Chrome, ẹ lọ sí Privacy and security, Site settings, Notifications, kí ẹ yọ sáìtì náà. Bó bá gbé nọ́ńbà fóònù wá, ẹ má pè é.

Ìbéèrè: Windows 10 ni ti àbúrò mi.

Ìdáhùn: Ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ Startup lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀ dípò Startup apps, Apps & features sì ni wọ́n kọ dípò Installed apps. Ẹ sọ fún un pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lè gbé Windows 11, kó gbé e sí i.